Orin Tẹ́ ẹ Fẹ́ràn, Ẹgbẹ́ Olórin Tẹ́ ẹ Ò Tíì Gbọ́: Ìbéèrè Tó Máa Ń Wáyé Àti Ìdáhùn Wọn

Láàárín àwa tá a fẹ́ràn jùjú, fújì, àpàlà àti gbogbo orin tí ẹgbẹ́ onílù ń kọ, ìbéèrè kan náà ló máa ń padà wá ṣáá. Mo kó wọn jọ síbí, èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó le ló kẹ́yìn.

Mi ò mọ nǹkan kan nípa orin àwọn àgbà o. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ti wà létí yín. Orin tí bàbá yín máa ń gbọ́ láàárọ̀ Sunday, èyí tí awakọ̀ dánfó kan yí sókè tó wù yín, èyí tí wọ́n fi jó níbi ìsìnkú ìyá àgbà, ẹyọ kan ṣoṣo ti tó. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni to àádọ́ta àwo síwájú yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ò ní gbọ́ ìkankan nínú ẹ̀ débi tó máa wọ̀ yín lára.

Tẹ́ ò bá ní ìkankan rárá, ẹ mú ẹnì kan fún orin kọ̀ọ̀kan: Ebenezer Obey fún jùjú, Haruna Ìṣọ̀lá fún àpàlà, Síkírù Àyìndé Barrister fún fújì, Victor Ọláìyá fún highlife. Èyí tó bá mú yín lórí wú jù, ẹ dúró tì í fún oṣù kan kẹ́ ẹ tó sún síwájú.

Jùjú, fújì, àpàlà, sákárà, wákà: báwo lèèyàn ṣe ń dá wọn mọ̀?

Gìtá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí. Tí gìtá bá ń dá ara wọn lóhùn tí gángan sì ń sọ̀rọ̀ láàárín wọn, jùjú nìyẹn. Túndé King, ọmọ Olówógbowó l'Ékòó, wà lára àwọn tó fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀, ilé iṣẹ́ Parlophone gba ohùn ẹ̀ sínú àwo lọ́dún 1936. Àyìndé Bákàrè gbé gìtá oníná wọnú ẹ̀ lọ́dún 1949, lẹ́yìn ìyẹn I.K. Dàíró mú accordion dé, òun náà ni wọ́n fi oyè MBE dá lọ́lá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1963.

Àpàlà ò ní gìtá, àgídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti ìlù ni, pẹ̀lú ohùn tó ń fi òwe gún èèyàn lára. Sákárà ni tẹ́ ẹ bá gbọ́ gòjé tó ń han lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi amọ̀ ṣe ọrùn ẹ̀, Yusuf Ọlátúnjí, Baba Lẹ́gbàá, ni kẹ́ ẹ wá lọ síbẹ̀. Wákà, tàwọn obìnrin ni. Fújì wá jáde látinú wéré, orin táwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn èèyàn sí sààrì nínú oṣù Ramadan, Barrister ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó ní òun rí òkè Fuji ti Japan lára pósítà kan ní pápákọ̀ òfurufú.

Kí ló dé tí orin kan ṣoṣo fi ń gùn tó ogún ìṣẹ́jú?

Torí pé òde àríyá ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣeré láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́ kì í dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, orin kan á yọ́ wọnú èkejì bí ẹni tó ń náwó bá ṣe ń dìde. Nígbà tí àwo LP wá dé, tí ojú kan ẹ̀ ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ńṣe ni wọ́n kàn da eré òde sínú ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń pè ní orin kan yẹn, ó lè jẹ́ orin márùn-ún tí wọ́n so pọ̀, orúkọ méjì péré ni wọ́n á sì kọ sẹ́yìn páálí àwo.

Mo máa ń fi orin ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ mi, wọn kì í gbọ́ ọ. Kí ni ò dáa nínú bí mo ṣe ń ṣe é?

Ẹ wo bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹnì kan jókòó nínú bọ́ọ̀sì, fóònù ẹ̀ dún, ó rí AUD-20210612-WA0007, kò sí orúkọ olórin, kò sí ọdún, kò sí ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ ẹ̀, ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni. Ta ló máa ṣí i? Orin tí kò lórúkọ, àlejò tí ò kí èèyàn ni.

Nǹkan mẹ́rin ni mo máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n kọ: olórin, àwo àti ọdún ẹ̀, ìṣẹ́jú tí kí wọ́n fò sí, àti nǹkan kan ṣoṣo tí kí wọ́n fetí sí. Kò gba ju ìlà méjì lọ. "Sunny Adé, Synchro System, 1983. Ẹ gbọ́ gìtá tó ń fa ohùn bí ẹni ń sunkún lẹ́yìn yẹn, Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á, ńṣe ni wọ́n tẹ́ gìtá ọ̀hún sílẹ̀ gbalaja tó ń fi irin yọ̀ lórí okùn ẹ̀." Ẹni tó bá ka ìyẹn tán, etí ẹ̀ á ti máa wá gìtá yẹn kó tó tẹ̀ ẹ́ rárá, tó bá sì rí i, kò ní gbàgbé ẹni tó fi hàn án.

Ẹ fi ẹyọ kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ dúró. Ẹ sì máa gbọ́ tàwọn ẹlòmíì náà dáadáa kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ nínú ẹ̀, kì í ṣe àwòrán iná àti àtẹ́wọ́ nìkan, ẹ sọ pé "ibi tí gángan ti pe orúkọ ọkọ ìyàwó yẹn ló mú mi". Ibi tí èèyàn ti ń gba èsì gidi ló máa ń fẹ́ padà sí, ibẹ̀ náà làwọn orin tó ṣọ̀wọ́n ti ń jáde, torí ẹni tó ní wọn nílé ò ní kó wọn síwájú àwọn tí ò ní gbọ́ ọ.

Ṣé líǹkì ni kí n fi ránṣẹ́ ni àbí fáìlì?

Tí orin náà bá wà lórí YouTube, Audiomack, Boomplay tàbí Spotify lójú ewé olórin fúnra ẹ̀ tàbí ti ilé iṣẹ́ ẹ̀, líǹkì ló dáa jù, kọ́bọ̀ díẹ̀ á dé ọwọ́ wọn, orúkọ orin náà ò sì ní sọnù lójú ọ̀nà.

Fáìlì wà fún èyí tí ò sí níbì kankan. Ẹ kọ orúkọ sórí fáìlì náà fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi document kí orúkọ yẹn lè dúró lára ẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú lórí 128 kbps tó nǹkan bíi 19 MB, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fẹ́ni tí dátà ẹ̀ ti ń lọ sópin kó tó tẹ̀ ẹ́.

Mo gbọ́ orin kan níbi ìnáwó, ó wọ̀ mí lára gan, àmọ́ mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Báwo ni mo ṣe máa rí i?

Shazam, ètò orí fóònù tó ń gbọ́ orin kó sọ orúkọ ẹ̀, lè mọ èyí tó wà nínú àkójọ ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwo àtijọ́ ò sí níbẹ̀, tó bá sì jẹ́ ẹgbẹ́ olórin ló ń ṣeré lójú ẹsẹ̀, kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ gba ìṣẹ́jú kan sílẹ̀ lórí fóònù, pàápàá ibi tí olórin ti ń dárúkọ ara ẹ̀. Àwọn olórin wa kì í jẹ́ kórúkọ wọn sọnù nínú orin, wọ́n á pe oríkì, wọ́n á pe ìlú, wọ́n á pe ìnagijẹ. "Àyìndé" nìkan ò tó o, wọ́n pọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ Baba N'gani Àgbà, Haruna Ìṣọ̀lá ni, tẹ́ ẹ bá gbọ́ Anígilájé tàbí Hadji Costly, Àyìnlá Ọmọwúrà ará Abẹ́òkúta ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́ orúkọ àwọn tí wọ́n ń kì. Orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá máa ń já sí orúkọ àwo fúnra ẹ̀, bí Òròkí Social Club tí Haruna gbé jáde lọ́dún 1971, ẹgbẹ́ kan l'Óṣogbo ló ń kì níbẹ̀. Ẹ tún gbọ́ ìròyìn tó wà nínú orin. Tó bá ń kọ́ àwọn èèyàn láti máa wa ọkọ̀ gba apá ọ̀tún títì, nǹkan bí 1972 ni. Tó bá ń sọ nípa náírà tuntun, 1973. Owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, 1975. Ikú Murtala, 1976. FESTAC, 1977. Ọ̀pọ̀ àwo ni wọn ò kọ ọdún sára ẹ̀, ìròyìn inú ẹ̀ ló ń tú u fó.

Tí gbogbo ìyẹn bá já sófo, ẹ lọ bá àwọn onílù tó ṣeré níbi ìnáwó yẹn gan-an. Ẹni tó ń lu gángan mọ ẹni tó ni orin tó ń lù, inú ẹ̀ á sì dùn pé wọ́n bi í.

Mo tẹ orúkọ olórin sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan kan ò jáde.

Ẹ yọ àmì ohùn kúrò, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú oríṣiríṣi sípẹ́lì: Omowura, Omo Wura, Omowunra. Barrister, Barister. Adewale, Adewole. Ẹ tún mọ̀ pé olórin lè pààrọ̀ orúkọ láàárín iṣẹ́ ẹ̀, Wàsíù Àyìndé Barrister tó gbé Talazo '84 jáde náà ni K1 De Ultimate táwọn ọmọ òde òní mọ̀, ẹni tó bá ń wá K1 nìkan ò ní rí ìdajì iṣẹ́ ọkùnrin náà.

Nọ́ńbà ara àwo ṣe gúnmọ́ ju orúkọ lọ. Lẹ́tà iwájú ẹ̀ ló ń fi ilé iṣẹ́ tó tẹ àwo hàn: DWAPS ni ti Decca àti Afrodisia, NEMI ni ti EMI, SALPS ni ti ilé iṣẹ́ Sunny Adé fúnra ẹ̀, SKOLP ni ti Siky-Oluyole tí Barrister fi ń gbé tiẹ̀ jáde. Tẹ́ ẹ bá tẹ lẹ́tà yẹn àti nọ́ńbà ẹ̀, àwo gangan ló máa jáde, kódà tẹ́ni tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì bá ṣi orúkọ orin kọ.

Báwo lèèyàn ṣe ń rí ẹgbẹ́ olórin tóun ò gbọ́ rí?

Ẹ yé tẹ̀ lé olórin nìkan, ẹ tẹ̀ lé àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀nà tí mo gbà gbọ́ jù lọ nìyẹn, ó sì máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ bi ara yín pé ta ni ọ̀gá ẹ̀, ta ló ti lùlù fún rí, ta ló kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ mú Obey. Kó tó dá International Brothers sílẹ̀ lọ́dún 1964, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Fàtàí Rolling Dollar. Ẹ lọ gbọ́ Rolling Dollar, ẹ ó rí i pé òun náà ti bá J.O. Araba ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe bá ara yín nínú orin àwọn ọdún 1950 tẹ́nikẹ́ni ò fi hàn yín rí. Sunny Adé ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Moses Ọláìyá ló ti kọ́kọ́ ta gìtá, Baba Sálà aláwàdà náà ni, ó ní ẹgbẹ́ olórin kí tíátà tó gbà á pátápátá. Démọ́lá Adépọ̀jù tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, gìtá ẹ̀ náà ló wà nínú orin Graceland tí Paul Simon ará Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1986.

Ọ̀dọ̀ Victor Ọláìyá náà mú ọ̀pọ̀ olórin jáde. Fẹlá kọrin nínú Cool Cats, ẹgbẹ́ ẹ̀, Tony Allen náà kọjá níbẹ̀. Prince Adékúnlé ọmọ Ẹ̀gbá ní ẹgbẹ́ Western Brothers, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ méjì, Ṣẹ́gun Adéwálé àti Shina Peters, jáde lọ ṣe tiwọn pọ̀, wọ́n pín yà, Shina wá gbé Ace jáde lọ́dún 1989 tí gbogbo ìlú gbọ́ Afro-juju. Àwọn tó mọ Ace pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ, àwọn tó ti jókòó gbọ́ Prince Adékúnlé ò tó nǹkan, ó dùn mí gan-an ni, torí gìtá ọkùnrin yẹn mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn.

Ẹ wo ẹ̀yìn páálí àwo, orúkọ àwọn onílù wà níbẹ̀ nígbà míì. Tẹ́ni kan bá ya fọ́tò ẹ̀yìn àwo síbi tẹ́ ẹ ti ń pín orin, ó ti fún yín ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Gbogbo orúkọ tí wọ́n ń dá, ọkùnrin ni.

Àṣìṣe àwa tá a ń dárúkọ ni. Bàtílì Àlàkẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ló gbé wákà wọnú àwo kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbà pé ó ṣeé ṣe. Sàláwà Àbẹ̀ní ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nígbà tó gbé àwo ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1976 lórí ikú Murtala Muhammed, ẹ gbọ́ bí ohùn ọmọdé yẹn ṣe dúró gbọin láàárín ìlù. Comfort Ọmọ́gẹ ń bẹ ní ìhà Oǹdó, àṣíkò ló kọ, ẹ̀ka èdè wọn ló fi kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wá Lijadu Sisters, Táíwò àti Kẹ́hìndé, ìbejì tí wọ́n bí sí Jọs. Àwo mẹ́rin ni wọ́n ṣe fún Afrodisia láàárín 1976 sí 1979, wọ́n ń kọ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì lórí gìtá àti ìlù tó gbóná, ohùn méjì yẹn máa ń rìn pọ̀ débi tẹ́ ò ní mọ ẹni tó ń mí. Kẹ́hìndé kú lọ́dún 2019. Àwọn ọmọ òyìnbó tó ń ra àwo wọn pọ̀, ilé wa gan-an ni wọn ò ti mọ̀ wọ́n tó.

Ṣé ẹgbẹ́ tó ń fi irinṣẹ́ gidi kọrin ṣì wà, àbí kọ̀ǹpútà ló gba gbogbo ẹ̀?

Wọ́n wà. Ẹ gbọ́ Beautiful Nubia àti Roots Renaissance Band ẹ̀, dókítà ẹran ni ọkùnrin náà kó tó fi gbogbo ara wọnú orin, Yorùbá ẹ̀ jinlẹ̀, kì í pariwo. Ẹ gbọ́ Lágbájá, gángan àti saxophone ń bára wọn fọ̀rọ̀ wérọ̀ nínú tiẹ̀. Ẹ gbọ́ The Cavemen, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, Ìgbò ni wọ́n fi ń kọ highlife wọn, Roots tí wọ́n ṣe lọ́dún 2020 á jẹ́ kẹ́ ẹ padà lọ gbọ́ Ọláìyá. Ní New Afrika Shrine n'Íkẹjà, ìdílé Fẹlá ṣì ń fi fèrè àti ìlù gidi ṣeré, ọ̀sẹ̀ Felabration ní oṣù kẹwàá ọdọọdún sì ni ibi tó rọrùn jù láti gbọ́ ẹgbẹ́ mẹ́wàá tẹ́ ò mọ̀ rí láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ má sì fojú tín-ín-rín ẹgbẹ́ tó ń ṣeré níbi ìnáwó àdúgbò yín. Ẹ gba nọ́ńbà wọn, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbé nǹkan kan jáde.

Òkè òkun ni mo wà. Ta ni kí n máa gbọ́ níbí?

Ní London, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Dele Sosimi tó ti bá Fẹlá ṣeré nínú Egypt 80, kẹ́ ẹ wá lọ sọ́dọ̀ Ezra Collective. Femi Koleoso tó ń lùlù níbẹ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Tony Allen, àbúrò ẹ̀ TJ ló ń ta gìtá bass, àwọn ni wọ́n gba Mercury Prize lọ́dún 2023, kò sí ẹgbẹ́ jazz tó gbà á rí ṣáájú wọn. Kokoroko náà wà ní London. Ní Brooklyn, Antibalas ti ń kọ afrobeat láti 1998.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Brazil tàbí tẹ́ ẹ ń bá ará ibẹ̀ ṣọ̀rẹ́, ẹ bi wọ́n nípa ìlù tí wọ́n ń pè ní ijexá. Ìjẹ̀ṣà wa yìí náà ni, òun ni ẹgbẹ́ Carnival tó ń jẹ́ Filhos de Gandhy fi ń jáde ní Salvador láti 1949. Ẹgbẹ́ Ilê Aiyê dé lọ́dún 1974. Ní Cuba, Síntesis kó orin òrìṣà sórí gìtá oníná nínú Ancestros lọ́dún 1987, àwọn ìbejì tó ń jẹ́ Ibeyi, tí bàbá wọn jẹ́ ará Cuba, sì ń kọ orin Ọya àti Ọ̀ṣun ní Paris. Yorùbá tẹ́ ẹ máa gbọ́ níbẹ̀ ti rin ìrìn àjò, àmọ́ ẹni tó bá farabalẹ̀ á mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀. Nítòsí ilé, Gnonnas Pedro ti Benin kọ Feso Jaiye, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá rò pé Ṣẹ̀mẹ̀ ni orin wa parí sí.

Àwọn ọmọ mi ò fẹ́ gbọ́ orin àtijọ́ rárá.

Ẹ gba ẹnu ọ̀nà tiwọn wọlé. Tí wọ́n bá fẹ́ràn Asake, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí ẹgbẹ́ elégbè ṣe ń gbè é, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yí Barrister fún wọn ní ìṣẹ́jú méjì péré. Ọláìyá àti 2Baba tún Baby Jowó ṣe pọ̀ lọ́dún 2013, bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé àti ọ̀dọ́ lórí orin kan náà, ìyẹn ti ṣí ilẹ̀kùn nínú ọ̀pọ̀ ilé. Kẹ́yin náà sì gbọ́ tiwọn, láì bínú.

Ẹnì kan ní Barrister ló ju, ẹnì kan ní Kollington, olórin fújì ẹgbẹ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ìjà. Kí la máa ṣe?

Ẹ ní kí wọ́n mú àwo wá. Ẹni tó bá ní Kollington ló ju, kó fi orin kan ránṣẹ́ kó sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, bóyá bàtá tó gbé wọnú fújì. Ẹni tó ní Barrister náà, kó mú Fuji Garbage ti 1988 wá kó fi ibi tó ń sọ hàn. Láàárín wákàtí kan, gbogbo yín á ti gbọ́ orin mẹ́fà, ọ̀rọ̀ èébú á ti tán lẹ́nu.

Ibi tó le ni àwọn àwo tí wọ́n fi bú ara wọn. Ìjà àwọn olórin nígbà yẹn wà nínú orin, tí àwọn kan ṣì wà láyé tí ọmọ àwọn míì sì ń gbọ́. Ẹ lè pín in torí orin tó dáa ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọdún àti ohun tó fa ìjà náà tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n dájú, kẹ́ ẹ má fi ṣe ọ̀kọ̀ sára ẹnikẹ́ni lónìí.

Èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò dún bí èyí tí mo mọ̀. Ṣé etí mi ni?

Ó lè má jẹ́ etí yín. Àwọn olórin kan tún orin wọn kọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pẹ̀lú keyboard, èyí tuntun yẹn ni wọ́n gbé síta. Wọ́n sì da àwọn míì kọ láti inú kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ ẹ̀ ń sáré tàbí tí bátìrì ẹ̀ ti kú díẹ̀, ohùn á ga tàbí á rẹlẹ̀. Ẹ fi gìtá tàbí dùùrù wò ó, tí gbogbo ohùn bá wà láàárín ohùn méjì lórí ẹ̀ tí kò bọ́ sí ìkankan, ìsáré ẹ̀rọ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n sì máa ń gé ibi tí wọ́n ti ń kí àwọn olówó kúrò, ẹ sọ fáwọn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí pé kò pé.

Bàbá mi fi àwo àti kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún mi. Kí ni kí n fi wọ́n ṣe?

Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án ju bẹ́ẹ̀ lọ: iwájú páálí, ẹ̀yìn páálí, bébà róbótó àárín àwo lójú méjèèjì. Ẹ gbé wọn dúró lóòró, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn, ẹ má kó wọn síbi tí oòrùn ń dé. LP ṣeé fi omi mímọ́ tútù àti aṣọ múlọ́múlọ́ nù tẹ̀ lé ìlà ẹ̀, bébà àárín ò gbọ́dọ̀ rin. Àwọn àwo tó wúwo, tó máa ń fọ́ bí àwo oúnjẹ tó bá já bọ́, tó ń yí ní 78, ẹ má fi spirit kàn wọ́n rárá o! Spirit máa ń yọ́ shellac tí wọ́n fi ṣe wọ́n, orin tó ti pẹ́ ju bàbá yín lọ á bá ìnùjú lọ. Abẹ́rẹ́ ti LP kọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ wọn náà, ihò ojú ọ̀nà orin wọn fẹ̀ ju ti LP lọ.

Kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti ń hu funfun nínú, ẹ má fi sẹ́nu ẹ̀rọ, ó máa ran ẹ̀rọ. Èyí tó mọ́, ẹ yí i síwájú dópin kẹ́ ẹ yí i padà kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá ń gbà á sórí kọ̀ǹpútà, okùn ni kẹ́ ẹ fi so ó, ẹ má gbé fóònù síwájú spíkà, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ bíi WAV, irú fáìlì tí kì í gé ohùn kù. Ìṣẹ́jú kan tó nǹkan bíi 10 MB, ẹ ṣe mp3 látinú ẹ̀ fún pínpín, kí WAV yẹn dúró sílé níbi méjì ó kéré tán.

Ṣé mo lè gbé e sórí YouTube? Kò sẹ́ni tó ń tà á mọ́.

Pé wọn ò tà á mọ́ ò sọ pé kò lólówó. Nínú òfin ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀. Haruna Ìṣọ̀lá kú lọ́dún 1983, ẹ ṣírò ẹ̀, ó di ìparí 2053. Ẹ̀tọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sì tún yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin, ó lè wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó tẹ àwo. Àwọn olórin wa ti jà púpọ̀ lórí eléyìí, ìjà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo ẹ̀ ló sún Sunny Adé débi tó fi dá tiẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970, torí ẹ̀ ni SALPS ṣe wà.

Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kẹ́ ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ fún ìtọ́jú, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbọ́ orin gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì wá ìdílé olórin tàbí ilé iṣẹ́ náà kẹ́ ẹ tó gbé e síta fún gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ò ní ẹ̀dà orin bàbá wọn fúnra wọn. Tẹ́ ẹ bá kàn sí wọn, ẹ mú fọ́tò páálí àwo àti WAV lọ́wọ́, ẹ fún wọn ní ẹ̀dà tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n bóyá àwọn fúnra wọn á fẹ́ ṣí ojú ewé fún bàbá wọn, kẹ́ ẹ bá wọn kọ orúkọ orin, ọdún àti àwọn onílù sí i bó ṣe wà lẹ́yìn páálí.